Ohun Wẹ́wẹ́ Tó De Sàlẹ́ǹsà Mọ́ Ẹ́ńjìnì

Lójú títì tó ti Òṣogbo gba Ìkìrun, Èkó-Èǹdé, Inísà àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà, mọ́tò tí sàlẹ́ǹsà rẹ̀ ti bẹ́ kì í ṣòroó dá mọ̀. Ariwo rẹ̀ ló ń ṣáájú rẹ̀ wọ̀lú. Wọ́n á gbé e fún wẹ́dà, wẹ́dà á jó o pọ̀, kò ní pẹ́ tí ariwo á tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pá kọ́ ló ṣẹ̀. Ibi tí ọ̀pá ti pàdé ẹ́ńjìnì ni kí a yẹ̀ wò, níbi tí bóòtù, nọ́ọ̀tì àti gáskẹ́ẹ̀tì wà. Ìtàn àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ yìí yẹ ní mímọ̀, pàápàá fún ẹni tó bá ń gbèrò láti yọ manifold tó bá ọkọ̀ rẹ̀ wá, kó fi header rọ́pò rẹ̀.

Manifold jẹ́ irin dídà tó nípọn, tó ń kó èéfín gbogbo sílíńdà jọ sójú kan. Ti header yàtọ̀: sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá tirẹ̀, gígùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Bí èéfín sílíńdà kan bá ń sáré jáde, ó ń fa ti èkejì tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì á sì mí dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn tó fẹ́ràn eré fi ń wá a kiri. Ohun tó ń dùn mí ni pé ènìyàn á náwó gọbọi lórí header, á wá fi bóòtù tó ṣà nínú agolo ọlọ́ràá dè é.

Ọdún 1897 ni Milton Reeves àti Marshall Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Indiana ní Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ń pa ariwo ẹ́ńjìnì, èyí tí à ń pè ní sàlẹ́ǹsà.  Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò, Ìjàpá (Beetle) ti Volkswagen àti 504 ti Peugeot sì wá pọ̀ lójú títì. Ara ọkọ̀ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ti kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Ìjàpá wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú. Kó tó di pé Ìjàpá kankan jáde ní Ọ̀jọ́ ni EMPI, ilé iṣẹ́ Joe Vittone ní California, ti ń ta header fún un, láàárín ọdún 1960 sí 1970. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ header kì í ṣe ti ọkọ̀ olówó ńlá nìkan.

Ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù wà lára 504. Orí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù, manifold rẹ̀ sì jẹ́ irin dídà. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì bákan náà, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin dídà. Sítọ́ọ̀dù, ìyẹn bóòtù aláìlórí tó de manifold mọ́ orí ẹ́ńjìnì, ló wà láàárín ìfàgagbága yìí lójoojúmọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sì fi gbogbo agbára sípánà fún nọ́ọ̀tì lè fa sítọ́ọ̀dù yọ tòun ti ìlà inú alumíníọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí kan náà ni awakọ̀ Ove Andersson fi gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀ Safari Rally ní Kẹ́ńyà lọ́dún 1975, lórí ọ̀nà eléruku tó ń fọ́ mọ́tò. Gáskẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn sábà máa ń ní asbestos nínú. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹni tó bá ń ha gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò lójú irin kó fi omi rin ín, kó sì bo imú.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, mọ́tò tuntun bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lásán, tòkunbọ̀ sì gba ojú títì. Tòkunbọ̀ kó ohun méjì wá tí 504 kò ní: catalyst, tó ń dín oró inú èéfín kù, tó sì ti wà lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà láti 1975, àti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín, tí Volvo kọ́kọ́ lò pẹ̀lú catalyst lọ́dún 1976. Òjé inú epo bẹntiróòlù máa ń ba catalyst jẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni gúúsù Sàhárà lápapọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ epo olójèé. Ọ̀pọ̀ catalyst ni wọ́n sì ti gé tà nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀pá lásán dípò rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń fi header sí ọkọ̀ kó dá catalyst padà sáyè rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ló sọ ihò kékeré di ọ̀rọ̀ owó. Bí gáskẹ́ẹ̀tì bá ń jò ṣáájú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kò tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á sì máa tú epo kún un. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló lè gba irú àdánù bẹ́ẹ̀? Èyí tó burú jù ni carbon monoxide tó lè gba ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé. Kò ní òórùn, ó sì ń pani.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra header, ẹ wo ojú pẹlẹbẹ tó ń kan ẹ́ńjìnì. Èyí tó bá tín-ín-rín máa ń ká kò, gáskẹ́ẹ̀tì ò sì ní lè dí i. Gáskẹ́ẹ̀tì onírin alápòpọ̀ ni kí ẹ béèrè. Ẹ má ṣe lo ògbólógbòó lẹ́ẹ̀kejì. Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí lágbára, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Celsius, agbára náà ń dínkù. Sítọ́ọ̀dù tí wọ́n dìídì ṣe fún sàlẹ́ǹsà ló dára jù. Ẹ yẹra fún nọ́ọ̀tì tó ní nylon lórí, torí nylon náà kò lè fara da ooru ibẹ̀. Zinc tí wọ́n fi ń bo bóòtù olówó pọ́ọ́kú máa ń yọ́ ní 419. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bàbà bò kì í tètè gan, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u lẹ ó mọ iyì rẹ̀. Irin aláìdípẹtà dára fún ọ̀pá, àmọ́ bóòtù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń jẹ ara wọn, ẹ fi ọ̀rá tó lè gba ooru pa wọ́n.

Ọ̀pá aláìdípẹtà tó gùn ní mítà kan, bí ooru rẹ̀ bá fi 500 lé sí i, yóò fi bíi mílímítà 8 gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ráyè nà. Ìdí nìyí tí a fi ń fi bóòtù onísípíríǹgì tàbí ọ̀pá tó ń tẹ̀ sísàlẹ̀ header, tí a sì ń fi rọ́bà gbé ìyókù rọ̀. Wẹ́dà tó bá jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ gbọnin-gbọnin ti fi ìnira náà sọrí sítọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ládìpọ̀ ní Múṣin tàbí ibòmíì láti ra nǹkan wọ̀nyí, ẹ mú sítọ́ọ̀dù àtijọ́ dání, torí ìlà onímílímítà àti ti oní-íǹṣì máa ń jọra lójú. Bí ẹ bá ń dì í, ẹ ti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, kó tutù pátápátá, kí ẹ sì tún fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò kí ọkọ̀ tó ná ọ̀nà jíjìn.