Fídà Mẹ́rin

Aago 4:10 ìdájí, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 2006. Iná ń tàn nínú ilé ìdáná kan ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá ọlọ́mọ méjì ń da omi gbígbóná sínú fídà. Ó bu wàrà sí i, ó dé e, ó mì í. Mẹ́rin ni. Ó tò wọ́n sínú báàgì ọmọ pẹ̀lú páńpáàsì, aṣọ ìpààrọ̀ méjì, gripe water àti òrí nínú agolo kékeré. Ọmọbìnrin rẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ. Ọmọkùnrin pé ọdún mẹ́rin. Bàbá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, kò ní lè bá wọn lọ.

Báàgì ìfàlọ́wọ́ jẹ́ mẹ́ta. Ìkejì jẹ́ ti ọmọkùnrin: mọ́tò ìṣeré, ìwé àwòrán, ike Ribena. Ìkẹta jẹ́ ti ìyá: páàsípọ́ọ̀tù mẹ́ta, owó, fóònù. Àpótí ńlá méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Aago 5:30. Lóṣù Kẹjọ, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó kì í yàtọ̀. Ní Okokomaiko, Ìyá àgbà ti kírun Àsùbáà. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago.

“A ti wà nínú takisí, Màmá.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n ń sùn, mà.”

Bàálù yóò gbéra ní aago 11:00. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò balẹ̀ sí Ìkẹjà. Ìyá àgbà gbé àwọn ìrọ̀rí síta kí oòrùn lè pa wọ́n.

Aago 5:50. Awakọ̀ takisí gbé ohùn rédíò sókè. Ó wo àwọn báàgì tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú dígí rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń sọ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé báàgì wọ bàálù lónìí. Ìyá béèrè ìdí. Awakọ̀ ò mọ̀.

Aago 7:15. Ní Heathrow, èrò ti kún inú títí dé ìta. Òṣìṣẹ́ kan ń pín ọ̀rá funfun, irú èyí tí ojú ń rí inú rẹ̀. Ọ̀rá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó lè wọ inú rẹ̀ kò pọ̀: páàsípọ́ọ̀tù, owó, oògùn tí dókítà kọ, awò ojú láìsí ilé rẹ̀, wàrà ọmọ, páńpáàsì, ìpara ọmọ. Ohun yòókù, inú àpótí ni.

Ìyá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ Heathrow, ó ṣí àpótí. Ribena jáde. Mọ́tò ìṣeré wọlé sáàárín aṣọ. Ọmọkùnrin ń wò ó bó ṣe ń kó wọn sí i, kò tíì sunkún. Gripe water kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwé àwòrán pàápàá ò gbọdọ̀ kọjá.

Aago 8:05. Ó ku fóònù. Ó pe Okokomaiko. Kò wọlé. Ó tún pè. Kò wọlé. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń tì í. Ó pa fóònù náà, ó rọ ọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, ó sì pa àpótí dé.

Aago 8:40. Ọmọbìnrin mu fídà àkọ́kọ́ tán lórí ìlà. Ó ku mẹ́ta.

Aago 9:30. Ọjà Alábà, ní Ọ̀jọ́. Àbúrò ìyá àwọn ọmọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tan tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ tà. Gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ, láti ìsàlẹ̀ dókè, Heathrow ni wọ́n ń fi hàn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì wá dúró. Wọ́n ní ọlọ́pàá ti kó èèyàn lóru, wọ́n ní ọ̀rọ̀ bàálù ni. Ó tẹ nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti pa á. Ó tún un tẹ̀. Ó fa irin ṣọ́ọ̀bù wálẹ̀, ó gun ọ̀kadà.

Aago 10:20. Ìyá àgbà ń já ewédú nígbà tó wọlé. Kò síná. Ó fa jẹnẹrétọ̀.

“Kí ló dé tó o fi ti ṣọ́ọ̀bù?”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Àǹtí ò ì tíì wọ bàálù.”

Ta ló sọ fún un? Ìyá àgbà ò béèrè. Ewédú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Èkó.

Aago 11:00 kọjá. Bàálù tí ì bá ti gbéra ṣì wà nílẹ̀.

Aago 11:40. Wọ́n kan ibi àyẹ̀wò. Gbogbo èrò ló bọ́ bàtà. Kẹ̀kẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ kọjá. Ìyá ti pọn ọmọ kí ọwọ́ rẹ̀ lè tú sílẹ̀. Wọ́n ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tú ọ̀já. Obìnrin kan fi ọwọ́ tẹ ọ̀já náà láti etí dé etí, ó sì dá a padà. Ọmọkùnrin dúró lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ẹsẹ̀ lásán.

Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ nawọ́ sí àwọn fídà. Ó ní kí ìyá mu nínú wọn. Kì í ṣe ọ̀kan. Gbogbo wọn.

Ó ṣí àkọ́kọ́, ó gbé e sẹ́nu. Wàrà náà ti tutù. Òṣìṣẹ́ náà ò wo fídà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń wò. Ó gbé e mì. Ó ṣí ìkejì, ó gbé e mì. Ọmọbìnrin rí i pé wọ́n ń mu wàrà òun, ó bú sẹ́kún. Ó ṣí ìkẹta. Òṣìṣẹ́ dúró díẹ̀ sí i, ó sì mi orí pé kí wọ́n máa lọ.

Aago 1:10 ọ̀sán. Fídà kejì tán. Ó ku méjì.

Aago 2:50. Wọ́n pe àwọn ọlọ́mọ kéékèèké kí wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Ó pọn ọmọ, ó di ọwọ́ ọmọkùnrin mú, ọ̀rá wà lọ́wọ́ kejì. Nínú bàálù, gbogbo àpótí òkè orí ìjókòó ló ṣófo. Ọmọkùnrin béèrè mọ́tò rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ Ìjàpá.

Aago 3:40. Bàálù gbéra. Ó fi fídà kẹta sẹ́nu ọmọ, nítorí ọmọ tó bá ń gbé nǹkan mì, etí kì í dùn ún nígbà tí bàálù bá ń lọ sókè tàbí tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ku ẹyọ kan.

Aago 6:30 ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ń sunkún oúnjẹ. Fídà kẹrin wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Ó fi síbí tẹ ọ̀dùnkún inú oúnjẹ tirẹ̀, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi. Ní àkókò kan náà, àbúrò rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ẹnu ọ̀nà Ìkẹjà. Ní Okokomaiko, Ìyá àgbà ń pe nọ́ńbà náà. Ohùn obìnrin kan náà ló ń dá a lóhùn.

Aago 9:25 alẹ́. Etí bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ó ṣí fídà kẹrin.

Aago 11:05. Ó jáde. Ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ọmọkùnrin di ìró rẹ̀ mú, ọ̀rá wà lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ tẹ Okokomaiko láago kó tó kí i.

“Màmá, wọ́n ti dé.”

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ fìdí ohun tí wọ́n ń wá nínú fídà múlẹ̀. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2009, ilé ẹjọ́ Woolwich ní Lọ́ńdọ̀nù dá ọkùnrin mẹ́ta lẹ́bi. Wọ́n ti gbèrò láti fi hydrogen peroxide sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n sì fi fọ́ àwọn bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà lójú òfuurufú. Méje ni bàálù tí wọ́n sàmì sí. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn ń gbé dání, ohun ṣíṣàn ló di ohun ìfura. Láti ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 2006 ni Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n 100 ml lé e, òfin náà sì tàn kárí ayé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n gba ìwé, fóònù àti omi lọ́wọ́ àgbàlagbà, wọn ò gba wàrà lọ́wọ́ ọmọ. Òdiwọ̀n 100 ml tó tẹ̀ lé e náà yọ oúnjẹ ọmọ sílẹ̀: ìwọ̀n tó máa tó ọmọ títí wọ́n á fi gúnlẹ̀ lè kọjá, bí òbí bá mú un jáde fún àyẹ̀wò. Ó yẹ kí gbogbo ìyá tó ń ti Ìba tàbí Ọ̀jọ́ gbọ̀nà Ìkẹjà mọ èyí. Kó ka wákàtí ìdádúró mọ́ wákàtí òfuurufú kó tó mọ ìwọ̀n wàrà tó máa gbé. Kó jẹ́ kí àpò oúnjẹ ọmọ wà lọ́tọ̀, nítòsí ọwọ́. Bí wọ́n bá ní kó tọ́ ọ wò, kó tọ́ ọ wò láìtijú: ẹ̀tọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń gbà.