Ewúrẹ́ Kan Tó Kú ní 1975

Ní ọdún 1942, àwọn dókítà ẹranko Faransé méjì, Gargadennec àti Lalanne, kọ̀wé nípa àrùn kan tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn ní Côte d'Ivoire. Ibà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ikun á máa dà ní imú, ipin á bo ojú, ẹnu á di egbò, ẹran á máa ya ìgbẹ́ gbuuru, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kata ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní PPR.

Ó jọ rinderpest, àrùn tó run màlúù káàkiri Áfíríkà, débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kà á sí ẹ̀yà rẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n tó fi fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sí àyè tirẹ̀. Màlúù ni àwọn ìjọba ń náwó lé lórí nígbà náà. Ewúrẹ́ méjì mẹ́ta tí obìnrin ń sìn lẹ́yìnkùlé, tó sì ń tà fi san owó ilé-ìwé ọmọ, kò jọ wọ́n lójú, ó sì dunni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára màlúù, èyí tí dókítà ẹranko Walter Plowright ṣe ní Muguga ní Kẹ́ńyà, ni wọ́n ń gún fún ewúrẹ́. Ó ṣiṣẹ́, torí pé ìbátan ni fáírọ́ọ̀sì méjèèjì.

Ara òkú ẹran ni àjẹsára kata gangan ti wá. Ní 1975, wọ́n gba fáírọ́ọ̀sì lára ewúrẹ́ kan tó kú ní Nàìjíríà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Nigeria 75/1. Onímọ̀ kan, Adama Diallo, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ ọ nínú sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń ṣí i láti abọ́ dé abọ́, títí tí kò fi lè pa ẹran mọ́. Ní 1989 wọ́n kéde rẹ̀ ní àjẹsára. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n bá gún un, ó ń dáàbò bo ẹran fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ewúrẹ́ ní Áfíríkà àti Éṣíà ló ti jàǹfààní rẹ̀.

Rinderpest kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2011. Ní 2015, ní Abidjan, wọ́n fi 2030 ṣe gbèdéke tí kata náà yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àjẹsára kì í wo ẹran tó ti ń ṣàìsàn; ọ̀nà mìíràn ni àwọn onímọ̀ ń wá fún ìyẹn. Ní 1998, àwọn onímọ̀ méjì, Andrew Fire àti Craig Mello, ṣàlàyé ohun kan nípa RNA, èròjà tó ń gbé àṣẹ nínú sẹ́ẹ̀lì: bí RNA oníbejì bá wọ sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á fi àwọn ègé náà wá RNA tó bá wọn mu, á sì gé òun náà. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. RNA sì ni gbogbo àṣẹ tí fáírọ́ọ̀sì kata fi ń ṣiṣẹ́. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIRAD ní Montpellier ní Faransé ròyìn pé irú ègé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe kó bá àṣẹ tó ń mú purotéènì fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ N jáde mu, dá fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ kọ́ láti bí sí i. Inú abọ́ ni o. Nínú ara ewúrẹ́, RNA tètè ń bàjẹ́ kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, fáírọ́ọ̀sì sì lè yí ibi tí ègé ń dì mú padà, kó bọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń dojú ègé kọ ojúkò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.