Iṣẹ́ Ọnà Ara Ògiri: Ohun tí Ó Yẹ kí Ará Ìlú Mọ̀

Iṣẹ́ ọnà ara ògiri ni àwòrán, ère sìmẹ́ǹtì àti lẹ́tà tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ṣe ojú ilé, ṣọ́ọ̀bù tàbí ojúbọ lọ́ṣọ̀ọ́, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti lè rí i. A kì í san owó ìwọlé kí a tó wò ó. Yálà ní Òkàkà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ni ènìyàn ti ń fẹsẹ̀ rìn ni, tàbí ní Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ní Ìbàdàn, kí ó rọra máa wo ojú ilé, pátákó onígbàjámọ̀ àti ara ọkọ̀ akẹ́rù.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀

Kí ọ̀dà inú agolo tó dé, àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà ní Ilé-Ifẹ̀. Ilẹ̀, èédú àti ewé ni wọ́n fi ń ṣe àwọ̀. Bí ọdún òrìṣà bá yípo, wọn a tún ògiri náà kùn. Àwòrán a máa parẹ́, ṣùgbọ́n ìyá a máa fi ọgbọ́n rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́.

Ilé Àgùdà àti ère sìmẹ́ǹtì

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó padà láti Bùràsíìlì mú ọgbọ́n ilé kíkọ́ wá sí Èkó. Ọgbọ́n náà tàn dé àwọn ìlú òkè. Àwọn tí òwò àti kòkó bá sọ di ọlọ́rọ̀ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n sì ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó tàbí kìnnìún sí iwájú rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ọdún tí a kọ́ ilé máa ń wà lókè, ó sì jẹ́ ẹ̀rí fún ìtàn ìdílé.

Bíríkìlà ni Adébísí Àkàǹjí ti Òṣogbo kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ère ẹranko tí ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ni a fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, òun àti Susanne Wenger ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO fi kún ohun ìní àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005.

Ewu tó wà níbẹ̀

Ilé Àgùdà kan tí a ń pè ní Ilojo Bar wà ní Èkó láti ọdún 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọdún 2016. Bí ilé tí òfin dáàbò bò bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kí ni ká sọ nípa ilé bàbá wa tí kò sí nínú ìwé kankan?

Ohun tí ẹ lè ṣe

1. Kí ẹ tó wó ilé àtijọ́ tàbí kí ẹ tó fi sìmẹ́ǹtì tuntun bò ó, ẹ ya fọ́tò ojú rẹ̀ àti gbogbo ọnà ara rẹ̀.
2. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ bíríkìlà tó ṣe é, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
3. Ẹ má ṣe lẹ pósítà mọ́ ojú ọnà.
4. Bí ilé náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó ya fọ́tò.

Ìdílé tó ní ilé ni olùtọ́jú rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é kí àwọn ọmọ wa lè bá nǹkan níbẹ̀.