Káàdì àjọta

Káàdì àjọta ni eré tí àwọn tó ń ta á ti jọ ń kojú ọ̀tá kan ṣoṣo, ìyẹn eré fúnra rẹ̀, tí oníkálukú sì ń fi káàdì tuntun kún ìdì tirẹ̀ bí eré ti ń lọ. Ó yàtọ̀ sí Whot tí tọmọdé tàgbà mọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Káàdì 54 kan náà ni gbogbo àwọn tó ń ta Whot jọ ń pín. Tí ẹnì kan bá ti jẹ, ọ̀tun la tún bẹ̀rẹ̀.

Dominion, eré tí Donald X. Vaccarino gbé jáde ní 2008, ló sọ kíkọ́ ìdì káàdì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ṣùgbọ́n ìdíje ni. Aeon's End ti 2016 jẹ́ àjọta. A kì í po ìdì ẹni nínú rẹ̀, nítorí náà bí a ṣe to káàdì tí a ti lò ṣe pàtàkì. Nínú Arkham Horror: The Card Game, ti ọdún kan náà, àmì ìrírí tí a rí lónìí la ó fi ra káàdì tó lágbára fún ìpele tó kàn, ọgbẹ́ ọkàn àti ti ara náà ń bá ni lọ. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà: ìjákulẹ̀ àná kì í ṣòfò, ẹgbẹ́ sì ń dàgbà pọ̀. Àléébù káàdì àjọta ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù lè máa pàṣẹ fún àwọn yòókù.