Bí Oníṣègùn Ṣe Rí Inú Èjìká

Kí ọdún 1895 tó dé, ìka ọwọ́ àti sùúrù nìkan ni oníṣègùn fi ń wádìí ohun tó ṣe èjìká: yóò tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, yóò tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, yóò gbé apá náà sókè, yóò sì máa wo ojú aláìsàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Wilhelm Conrad Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán tí ń la ẹran ara kọjá tí eegun sì ń dá dúró, ìyẹn ẹ́síréè, tí ó fi ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kí ọdún tó parí. Báyìí ni eegun tó ṣẹ́ àti orí eegun apá tó yẹ̀ kúrò ní ihò rẹ̀ di ohun tí à ń fojú rí.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ihò tí orí eegun apá jókòó sí kò jìn rárá. Iṣan mẹ́rin tó yí i ká ni ó dì í mú, ẹ́síréè kò sì rí iṣan. Akọni ìtàn yìí lójú tèmi ni Ernest Amory Codman, oníṣẹ́ abẹ ìlú Boston, a-wo-eegun-má-gbàgbé-iṣan, ẹni tí ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lo ẹ́síréè ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ tí kò jẹ́ kí àwòrán eegun tó dán mọ́rán tan òun jẹ, tí ó tẹnu mọ́ ọn pé iṣan tó já ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lè gbé apá mọ́, tí ó sì ko gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ńlá kan ní 1934.

Àwọn mìíràn náà ń wá bí ẹ́síréè yóò ṣe fi ohun tó kọjá eegun hàn. Ní 1933 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Oberholzer fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú oríkèé èjìká kí ó tó fi ẹ́síréè ya á. Ní 1939 Lindblom ará Sweden lo omi oògùn tí ẹ́síréè kò lè là kọjá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bu omi sínú ìkòkò láti mọ ibi tó ti sán: bí omi náà bá jò jáde, iṣan ti já nìyẹn. Ní ti eegun, ní 1940, àwọn dókítà Hill àti Sachs ṣàlàyé kòtò tí èjìká tó yẹ̀ ń dá sí ẹ̀yìn orí eegun apá.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ayàwòrán CT ti onímọ̀ ẹ̀rọ Hounsfield dé ní London ní 1971. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 1985, sìkánì tí a fi ń wo ọmọ inú oyún àti MRI, ẹ̀rọ tí ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, tí iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́nsì Lauterbur ní 1973 la ọ̀nà fún, ti ń fi iṣan èjìká fúnra rẹ̀ hàn.

Ẹ́síréè ni dókítà ṣì ń kọ́kọ́ bèèrè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó yá, owó rẹ̀ kò sì tó ti MRI. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ṣubú, tí wọ́n ní eegun yín kò ṣẹ́, tí apá kò sì gbé sókè síbẹ̀, ẹ padà tọ dókítà lọ, kí ẹ bi í léèrè iṣan.