Ìyá Ni Àbí Ìyàwó Bàbá? Ẹni Tí Ìwé Àwọn Ọ̀dọ́ Ń Dẹ́bi Fún

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìtàn tí Jacob Grimm àti Wilhelm àbúrò rẹ̀ tẹ̀ jáde ní Jámánì ní 1812, ìyá tó bí Hansel àti Gretel gan-an ló dábàá pé kí wọ́n kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ sínú igbó kìjikìji, kí wọ́n sì fi wọ́n síbẹ̀, torí pé oúnjẹ ti tán nílé. Nígbà tí ẹ̀dà kẹrin fi máa jáde ní 1840, ìyá yẹn ti pòórá, ìyàwó bàbá ti bọ́ sí ipò rẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe sí ìtàn Snow White: ìyá ọmọ ló ń jowú ẹwà ọmọ rẹ̀ ní 1812, àmọ́ nínú ẹ̀dà kejì ní 1819, ìyàwó bàbá ni. Wilhelm ló ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ àtúnṣe yìí. Ó fi igbó sílẹ̀ bó ṣe wà, ó fi ebi sílẹ̀, ó fi àjẹ́ tó fẹ́ sun ọmọ jẹ sílẹ̀, ó wá gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹnì kan gbé e kọ́ ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà wá, irú ìtàn yìí kò tíì kúrò nílẹ̀: ọmọ ìyá méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ara ń ni, tí wọ́n di ara wọn mú, tí ohun kan sì wà nínú ilé tí àwọn àgbà kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Lónìí, pẹpẹ ìwé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tò ó sí, àwọn kan sì gbà pé bí ayé ṣe ń bàjẹ́ ni ìtàn náà ṣe ń burú sí i. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú nínú ìtàn tí òbí ti ń da ọmọ rẹ̀ sínú igbó ti burú tó láti ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń di ẹ̀bi rù ló ń yí padà láti ìran dé ìran, ẹni tó ń fowó ra ìwé ló sì ń yí i.

Ẹ wo ti àwọn Grimm ná. Ìwé ọ̀mọ̀wé ni ẹ̀dà 1812 jẹ́. Kò ní àwòrán, àlàyé tí wọ́n kó sẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀ fún àwọn tó ń ṣèwádìí àṣà Jámánì. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń ráhùn pé àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ létí ọmọdé. Ní 1825, wọ́n ṣa ìtàn 50 jọ sínú ìwé kékeré kan, Ludwig Emil àbúrò wọn sì ya àwòrán sí i. Irú ìwé yìí ló wọ ilé àwọn èèyàn, òbí ló sì ń rà á. Ìyá ló sábà máa ń kà á sétí ọmọ. Obìnrin wo ni yóò fowó ara rẹ̀ ra ìwé, tí yóò tún fi ẹnu ara rẹ̀ kà á fún ọmọ rẹ̀ pé ìyá a máa gbé ọmọ sọnù? Ọdún 15 lẹ́yìn ìwé kékeré náà ni ìyàwó bàbá wọ ilé Hansel. Ẹnì kan lè sọ pé òótọ́ ayé ìgbà yẹn ni ìyàwó bàbá, torí ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń kú lórí ìkúnlẹ̀ ní Yúróòpù, tí ọkọ wọn á sì fẹ́ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àárín 1812 sí 1840 ni obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú lórí ìkúnlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ikú ló mú ìyàwó bàbá wá, ì bá ti wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Àlọ́ tiwa náà ní ohun tó lè sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́ tó dá lórí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, orogún ìyá ọmọ ni ọ̀dájú. Òun ló ń rán ọmọ òrukàn padà sódò tó jìn nítorí ìgbákọ kan ṣoṣo. Wọn kì í sanwó àlọ́, àmọ́ ẹnu ìyá àti ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń jáde, ẹni tí ìtàn sì wà lẹ́nu rẹ̀ kì í sábà dá ara rẹ̀ lẹ́bi lójú ọmọ rẹ̀. Àlọ́ Olúrónbí ni ẹ̀gún tó wà nínú èrò mi yìí. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn fún Ìrókò, ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí ni òun jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo lè sọ pé kì í ṣe ìkórìíra, pé ẹnu ló kó o sí wàhálà. Síbẹ̀, abiyamọ ni, ẹ̀bi sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò ní fi tipátipá mú àlọ́ náà gbà pẹ̀lú mi.

Nígbà tí òwò ìwé ọmọdé gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, òbí ṣì ni oníbàárà, àwọn òǹkọ̀wé sì wá ọgbọ́n mìíràn dá. Wọ́n á jẹ́ kí àṣírí wà nínú ilé, wọ́n á jẹ́ kó ba àwọn ọmọ lẹ́rù, lẹ́yìn náà wọ́n á tú u ká láìsí òbí tó jẹ̀bi. Nínú The Railway Children tí E. Nesbit tẹ̀ jáde ní 1906, àwọn ọkùnrin méjì wá sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá bá wọn lọ, kò sì padà wá. Ìyá kó Roberta, Peter àti Phyllis lọ sí ilé kan lẹ́bàá ojú irin, kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Roberta tó jẹ́ àkọ́bí ló já àṣírí náà, bó sì ṣe já a dára púpọ̀: orí ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fi di àwọn ìwé kan tó ń gbé lọ sílé ni ojú rẹ̀ ti kan orúkọ bàbá wọn, pé ilé ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi, ó sì ti fi í sẹ́wọ̀n ọdún 5. Ẹ̀sùn náà ni pé ó ta àṣírí ìjọba fún àwọn ará Rọ́ṣíà. Bí òǹkọ̀wé bá jẹ́ kí bàbá yẹn jẹ̀bi lóòótọ́, à bá ní ìwé mìíràn pátápátá lọ́wọ́ lónìí. Nesbit kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó sì padà sílé. Gertrude Chandler Warner, olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Connecticut, tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà nínú The Boxcar Children, tó kọ́kọ́ jáde ní 1924: àwọn ọmọ òrukàn mẹ́rin sá pamọ́ fún bàbá àgbà tí wọ́n gbọ́ pé ó rorò, wọ́n ń gbé nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ti pa tì, ìgbẹ̀yìn ni wọ́n wá rí i pé olóore ni baba náà.

Oníbàárà tuntun dé ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé. Margaret Edwards ti ń kọ́ àwọn tó ń bójú tó ìwé àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ní ilé ìkàwé Enoch Pratt ní Baltimore. Nígbà tó di 1957, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ní 1965, òfin ètò ẹ̀kọ́ tí Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí ya mílíọ̀nù 100 dọ́là sọ́tọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ fún ríra ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà ni The Outsiders jáde. Ọmọbìnrin ọdún 18 láti Tulsa, S. E. Hinton, ló kọ ọ́. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára ìwé kí àwọn aṣelámèyítọ́ má bàa mọ̀ pé obìnrin ni. Ọmọ ìyá mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Darry, ẹni ọdún 20, pa yunifásítì tì kó lè máa bọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Sodapop fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ponyboy, ẹni ọdún 14, ló ń sọ ìtàn. Olùkọ́ àti olùtọ́jú ilé ìkàwé ló gbé ìwé yìí débi tó dé. Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀bi wà: òbí àwọn Curtis ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, kò sí àbàwọ́n kan lára wọn. Àdúgbò olówó àti àdúgbò tálákà ni ìwé náà ń bá wí. Òótọ́ ni pé bàbá Johnny ń lù ú bí ẹni lu bàrà, àmọ́ ọ̀rẹ́ ni Johnny jẹ́, ẹ̀yìn odi ilé tí ìtàn dá lé ni ẹ̀bi yẹn dúró sí. Olùtọ́jú ilé ìkàwé lè ra ìwé tó dá àwùjọ lẹ́bi, kó sì dá ara rẹ̀ láre níwájú àwọn òbí. Ìwé tó dá àwọn òbí náà lẹ́bi ṣòro fún un láti gbèjà.

Ìwé tó gbé ẹ̀bi náà wọlé kò gba ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé kọjá rárá. Ní 1979, ilé iṣẹ́ Pocket Books tẹ Flowers in the Attic, tí V. C. Andrews, ará ìpínlẹ̀ Virginia, kọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é ní ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ nínú ilé ìtajà oúnjẹ àti ilé oògùn, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fi owó ọwọ́ ara rẹ̀ rà. Wọ́n gé ihò fèrèsé sí iwájú ìwé náà, ojú ọmọbìnrin kan ń yọ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ṣí i, á rí àwòrán ìdílé náà lábẹ́ rẹ̀. Kò síbi tí ọgbọ́n ìtajà ti bá ọ̀rọ̀ inú ìwé mu tó èyí: òǹrajà fúnra rẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn àṣírí. Inú ilé náà ni Chris, Cathy àti àwọn ìbejì, Cory àti Carrie, ti wà ní àtìmọ́lé fún ohun tó lé ní ọdún 3, nínú yàrá kan àti àjà tó wà lókè rẹ̀. Ìyá wọn ló tì wọ́n mọ́bẹ̀. Ọbàkan bàbá rẹ̀ ni ọkọ tó bí wọn fún, bàbá rẹ̀ kò sì ní fi ogún sílẹ̀ fún un bó bá mọ̀ pé ìgbéyàwó náà so èso. Dónọ́ọ̀tì tí wọ́n da ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lé lórí ni májèlé gbà dé ẹnu àwọn ọmọ. Cory kú. Kò sí ìyàwó bàbá níbẹ̀, kò sí ìyá aláìsàn, kò sí ìjọba tàbí àdúgbò tí a lè nawọ́ sí. Ìyá Hansel ti ọdún 1812 ló padà dé, ìwọra sì ti rọ́pò ebi.

Àtakò kan wà tó lágbára níbí: ìwé náà kì í ṣe ìwé ọ̀dọ́. Àgbà ni wọ́n kọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á. Mo gbà, ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Kò lè jẹ́ ìwé ọ̀dọ́ lórúkọ, torí ẹ̀ka ìwé ọ̀dọ́ wà lábẹ́ ojú àwọn tó ń rà á fún ọ̀dọ́. Àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 àti 14 ló sọ ọ́ di tiwọn, wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ kan sí èkejì, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sì yọ ọ́ kúrò lórí pẹpẹ. Bí a bá fẹ́ rí ohun tí ẹ̀ka náà fàyè gbà, ká wo Homecoming tí Cynthia Voigt tẹ̀ jáde ní 1981 ní ìwé ẹlẹ́yìn páálí. Ìyá fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ìtajà ńlá kan, ó wọlé lọ, kò sì jáde. Dicey, ẹni ọdún 13, kó James, Maybeth àti Sammy rìn lọ bá ìyá àgbà tí wọn kò rí rí ní Maryland. Ìyá abiyamọ ló gbé ọmọ sọnù. Ó dà bí ẹni pé Voigt já irọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣírí tú, orí ìyá náà ló ti dàrú, ó wà ní ilé ìwòsàn ní Boston, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Àánú rẹ̀ ló ń ṣe òǹkàwé. Mo ka ìwé Voigt sí ìwé tó dára ju ti Andrews lọ ní ìlọ́po, kò sì sí ọmọ tí yóò kà á tí kò ní jàǹfààní. Ẹ̀bi ló kàn jẹ́ pé àìsàn ni wọ́n dì í rù. Ní 1983, Dicey's Song tó tẹ̀ lé e gba ẹ̀bùn Newbery, tí àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ń fún ìwé.

Owó tó wà nínú ọ̀nà tí Andrews gbà kò kéré. Andrews kú ní 1986, wọ́n sì gba Andrew Neiderman láti máa kọ ìwé lórúkọ rẹ̀. Àwọn agbowó orí ní kí wọ́n san owó orí lórí orúkọ òkú náà, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ní 1994 adájọ́ sì gbà pé orúkọ fúnra rẹ̀ jẹ́ dúkìá. Ní Nàìjíríà, Purple Hibiscus tí Chimamanda Ngozi Adichie tẹ̀ jáde ní 2003 náà gbé ẹ̀bi wọ inú ilé láti ọ̀nà mìíràn. Kambili, ọmọ ọdún 15, ló ń sọ ìtàn rẹ̀, bàbá olóore tí gbogbo ìlú ń yìn ló ń lu òun àti Jaja ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ní Enugu, májèlé ìyá nínú tíì ló pa bàbá náà, Jaja ló sì gba ẹ̀bi ìyá rù lọ sẹ́wọ̀n. Ìwé àgbà ni wọ́n pe ìyẹn náà nígbà tó jáde.

Oníbàárà ti tún yí padà báyìí. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ Bowker gbé jáde ní 2012 fi hàn pé ìpín 55 nínú 100 àwọn tó ń ra ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ ọdún 12 sí 17 ló ti tó ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń rà á láti kà fúnra wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni We Were Liars tí E. Lockhart kọ jáde, lábẹ́ orúkọ ìwé ọ̀dọ́ láìfi bò. Orí erékùṣù ìdílé olówó kan ni ìtàn náà ti wáyé. Ọmọbìnrin mẹ́ta ń jà sí ogún bàbá wọn tó ṣì wà láàyè, wọ́n sì ń kó àwọn ọmọ wọn sínú ìjà náà. Gbogbo ohun tó lè mú ká dá òbí lẹ́bi ló pé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Cadence tó ń sọ ìtàn bá rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ ni wọ́n dáná sun ilé, iná náà ló sì pa àwọn tí wọ́n jọ dáná ọ̀hún. Ìwé kan ṣoṣo kò tó fi dá ẹjọ́, ó sì lè jẹ́ pé Lockhart kò ro ti olùrà rárá nígbà tó ń kọ ọ́. Síbẹ̀, ní ọdún tí àwọn tó ti tó òbí ń fowó ara wọn ra ìtàn yìí fún ara wọn, ọmọ ló wá jẹ̀bi.