Ẹ̀rọ Àwo Orin ní Àríwá Èkìtì: Ìtàn Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ní ayé àwọn baba wa, ẹnu ènìyàn nìkan ni àrọ́bá ń gbé. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ti rí ilé mìíràn, èyí ni inú àwo orin. Ṣùgbọ́n àwo kì í dá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ni agbẹnusọ rẹ̀, bí agbẹnusọ bá sì ń ṣe ségesège, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an yóò bàjẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀rọ yìí ní ìhà Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, kí n sì fi ìtọ́jú rẹ̀ kún un.

Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ẹ̀rọ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì tún un sọ. Ní 1887 ni Emile Berliner mú ọgbọ́n àwo pẹlẹbẹ wá. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn èyí ni jùjú Túndé King àti àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá wọ inú àwo. Nígbà tí ó sì fi di 1963, olórin jùjú kan, I. K. Dairo, ti gba oyè MBE lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Rélùwéè kò wọ ilẹ̀ Èkìtì. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibẹ̀ kọjá sí Ìlọrin. Lọ́rì ni ó ń gbé ẹrù ọjà gun òkè wá sọ́dọ̀ wa. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń ra nǹkan olówó iyebíye. Giramafóònù àkọ́kọ́ kò bèèrè iná mànàmáná: ọwọ́ ni a fi ń wé irin inú rẹ̀. Àwo ṣẹ́láàkì ni ó ń lù, èyí tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Apá rẹ̀ wúwo, abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ sì ń tètè jẹ, tí a fi ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Ní 1948 ni àwo fáínìlì alárìnpẹ́ dé, tí ń yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta.

Kí ni èyí kan ẹni tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè? Ó kàn án púpọ̀. Yorùbá inú ìwé kò gba gbogbo ohùn Èkìtì. A ń kọ “ilé”, ará Èkìtì ń pe “ulé”. Nígbà tí Ẹlẹ́múre Ògúnyẹmí fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin, àwo gba ohun tí gègé kò gbà. Ṣùgbọ́n bí àwo bá ń yára tí ó tún ń falẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ohùn yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀ láìnídìí. Ẹni tí ń ṣe àdàkọ lè fi àmì àárín sí ibi tí ohùn òkè wà.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni a máa ń bá nínú yàrá àwọn àgbà. Nínú èkíní, ẹsẹ̀ rọ́bà kékeré ni ó ń ti pẹpẹ tí àwo jókòó lé. Nínú èkejì, bẹ́líìtì rọ́bà ni ó so ẹ̀ńjìnnì mọ́ pẹpẹ. Irú èkejì yìí ni AR gbé jáde ní 1961 àti Thorens TD 150 ní 1965. Ànfààní bẹ́líìtì ni pé kì í jẹ́ kí ìgbọ̀n ẹ̀ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé rọ́bà a máa gbó: ooru a máa mú un rọ̀, ọdún a máa nà án.

Mo fi ojú ara mi rí èyí. Ẹbí kan ní Ìkọ̀lé gbé ẹ̀rọ baba wọn tí ó ti kú fún mi pẹ̀lú àwo kan ṣoṣo tí ó fẹ́ràn jù. Mo lù ú. Ohùn obìnrin di ohùn ọkùnrin, abẹ́rẹ́ sì ń fò. Dípò kí n yẹ ẹ̀rọ wò, mo fi owó ẹyọ kan lé orí apá rẹ̀, bí mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣe. Ó dẹ́kun fífò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lu àwo náà lẹ́ẹ̀kẹta, ìró ìlù ti di híhó, eruku dúdú sì wà lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ara àwo ni mo ti ń há. Ohun tí baba náà tọ́jú pẹ́, ìkánjú mi bà á jẹ́ ní ọ̀sán kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń sọ yìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbé ẹ̀rọ sí ibi tí ó tẹ́jú. Ẹ yọ bẹ́líìtì. Bí ó bá ti sán tàbí tí ó ti fẹ̀, ẹ wá òmíràn tí ó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Ẹ fi sípírítì nu ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, kí ẹ sì kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sí ihò ọ̀pá àárín pẹpẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka iye ìgbà tí àwo alárìnpẹ́ yí: ọgọ́rùn-ún géérégé ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má ṣàì ṣe èyí bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ń lò, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì wọ̀nyí ń tẹ̀lé ìyára iná. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń sáré jù, orin náà yóò sáré.

Ó ku apá. Ẹ yí òṣùwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ títí apá yóò fi léfòó ní ìbú gbọọrọ, tí kò tẹ̀ síwájú tí kò tẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fún un ní ìwúwo tí ẹni tí ó ṣe abẹ́rẹ́ náà pa láṣẹ; gíráàmù kan àbọ̀ sí méjì ni ó wọ́pọ̀ fún abẹ́rẹ́ olóòfà. Bí ó bá fúyẹ́ jù, yóò máa ta gìrì nínú poro, èyí náà a sì máa ba àwo jẹ́. Poro àwo dàbí poro oko: ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n rìn kì í tẹ ebè. Poro àwo 78 fẹ̀ ju ti alárìnpẹ́ lọ, nítorí náà abẹ́rẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má sì fi sípírítì nu àwo ṣẹ́láàkì láé, nítorí yóò yọ́ ọ.

Láti 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, ó sì ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lójoojúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé tí irú àwo wọ̀nyí wà lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ kí àwọn àgbà, ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, ẹ kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ ṣe. Bí ẹ bá sì ti lù ú, ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn tí a bá há dànù kò tún ní padà.